Ohùn Mẹ́ta Nínú Ẹ̀rọ Géèmù: Èrò Lórí Ètò Orin Àdáṣe fún Ṣómólú àti Bàrígà

Mo mọ̀ pé àkọlé tí a tẹ̀ sára ìwé ìpè ti mú kí àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọn yóò máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó pa ẹ̀rọ géèmù tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré pọ̀ mọ́ ìlù dùndún. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àwọn méjèèjì tan mọ́ ara wọn ju bí a ti rò lọ. Bí a bá fẹ́ kí ìlù tí ń sọ̀rọ̀ rí àyè nínú orin tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ẹ̀rọ ṣe, inú irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ó ti rọrùn jù lọ fún wa láti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé Game Boy jáde. Ní Èkó níhìn-ín, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí à ń pè ní Brick Game ni ọ̀pọ̀ ọmọ fọwọ́ kàn ní àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ní ẹbí ní òkè òkun a máa rí Game Boy gbà. Bátìrì kéékèèké 4 ni ó ń lò. Àmì tín-ín-tìn-tín 160 ni ó wà ní ìbú ojú rẹ̀, 144 ní òró. Ohun tí ó kàn wá jù lọ ni ohùn rẹ̀. Ọ̀nà 4 péré ni ohùn ń gbà jáde nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ ń dún bí fèrè tí imú rẹ̀ dí. Ọ̀nà kẹta a máa dún gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ ètò bá ti ya àwòrán ìgbì ohùn fún un, ojú àmì 32 ni a ó sì fi ya àwòrán náà. Ọ̀nà kẹrin, ariwo lásán ni, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù.

Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ yìí kò ní in lọ́kàn pé kí ẹnikẹ́ni fi í kọ orin. Àwọn tí n ó pè ní aládàáṣe ni wọ́n sọ ọ́ di ohun èlò orin. Ètò àdáṣe ni ètò tí ẹnì kan jókòó sí iyàrá rẹ̀ kọ fún ẹ̀rọ tí kì í ṣe òun ni ó ṣe é, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ náà rán an níṣẹ́. Ní 1998, Oliver Wittchow ní ìlú Hamburg ní Jámánì kọ Nanoloop fún Game Boy. Ní 2000, Johan Kotlinski, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ jáde, Little Sound Dj, tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní LSDJ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní tracker. Karsten Obarski, ará Jámánì, ni ó ṣe èyí tí orúkọ náà ti wá, ní 1987, fún kọ̀ǹpútà Amiga. Nínú tracker, òkè sí ìsàlẹ̀ ni à ń kọ orin, bí ìgbà tí a bá ń kọ ìṣirò owó: ìlà kan jẹ́ ìgbà kan, òpó kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn aládàáṣe kọ Nitrotracker fún Nintendo DS, wọ́n sì kọ Little Piggy Tracker fún GP2X àti PSP. Nígbà tí ó di 2008, ètò orin kan tí ó ń jẹ́ KORG DS-10, tí ó ru orúkọ ilé-iṣẹ́ dùùrù Korg, ti wà ní ọjà fún Nintendo DS. Ohun tí àwọn aládàáṣe ń dá ṣe nílé ni ó di ohun tí à ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Kí wá ni ó kan Ṣómólú àti Bàrígà nínú èyí? Ẹni tí ó bá ti gba àárín àwọn òpópónà tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tẹ̀dó sí kọjá yóò ti mọ ìdáhùn sí ìdajì ìbéèrè náà. Ẹ̀rọ Heidelberg, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Kord, tí àwọn ará Jámánì ti lò títí tí wọ́n fi rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ni ó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé àdúrà àti ìwé ìbò fún Èkó níbẹ̀. Bí apá kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, tí a kò rí i rà mọ́, ẹnì kan wà ní òpópónà kejì tí yóò fi irin gbẹ́ òmíràn. Àwọn ènìyàn yìí kò ka ẹ̀rọ sí òkú nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Irú ojú tí wọ́n fi ń wo Kord ni mo fẹ́ kí a fi wo Game Boy.

Ìdajì kejì jẹ́ ti orin. Ní àdúgbò yìí ni 9ice, ẹni tí ó kọ Gongo Aṣọ ní 2008, ti dàgbà. Ní Bàrígà ni Olamide náà ti dàgbà kí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 2011. Bàrígà kan náà ni Ṣẹ́gun Adéfilà fi ṣe ibùdó fún ẹgbẹ́ òṣèré Crown Troupe of Africa, tí ó dá sílẹ̀ ní 1996. Yunifásítì Èkó wà ní Akọkà, ìrìn ẹsẹ̀ ni Bàrígà sí ẹnubodè rẹ̀. Ibi tí orin ti ń hù ni, ibi tí ẹ̀rọ ti ń yè ni, ibi tí ìwé sì wà nítòsí ni pẹ̀lú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí ó ń dùn mí. Ohun èlò tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe orin nínú iyàrá kéékèèké ní Èkó ni FL Studio, tí ó ń jẹ́ FruityLoops kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2003, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Image-Line ti ilẹ̀ Belgium. Ètò tí ó dára ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ojú ihò 16 ni ó kọ́kọ́ gbé ka iwájú ẹni tí ó bá ṣí i, ó sì tẹ́ bọ́tìnnì dùùrù sílẹ̀ de ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin. Ọmọ Bàrígà tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀ yóò ka 16, nítorí pé 16 ni ó bá níbẹ̀. Yóò wá ohùn láàárín bọ́tìnnì funfun àti dúdú, nítorí pé kò sí ohun mìíràn láàárín wọn. Ẹ gbọ́ àwọn rápà wa dáadáa: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu olórin ń tẹ̀ lé ohùn èdè Yorùbá láìṣìnà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já geere, ṣùgbọ́n ìlù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ya odi. Ìlù náà ń jó, kò sọ nǹkan kan.

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kátídírà ti Marina, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953. Ìṣòro tí ó ń bá jà ni ti àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá tí a sì gbé lé ohùn orin àwọn Òyìnbó, tí ọ̀rọ̀ fi ń dí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ìjọ. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ohùn nìkan ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá fi ohùn orin fa ọkọ́ wálẹ̀ ti sọ irinṣẹ́ àgbẹ̀ di ohun tí à ń wọ̀ lọ sí Ìkòròdú. Dùùrù ni ó fa ìyẹn nígbà náà. Ojú ihò 16 ni ó ń fa tiwa lónìí.

Ibi tí ẹ̀rọ géèmù ti wúlò nìyí. Bí a bá tú inú Game Boy wò, kò sí bọ́tìnnì dùùrù níbẹ̀ rárá. Ibi tí à ń kọ ìwọ̀n ohùn sí nínú rẹ̀ gba nọ́ńbà 2048 fún ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n kọ ètò ni wọ́n ṣa díẹ̀ nínú nọ́ńbà wọ̀nyí tí ó bá dùùrù mu, tí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò rọ̀ mọ́ dùùrù. Ètò ni ó rọ̀ mọ́ ọn. Ètò sì jẹ́ ohun tí a lè kọ fúnra wa.

Báwo ni tiwa yóò ti rí? Ẹ gbọ́ orúkọ àdúgbò méjèèjì. Ṣómólú: òkè, òkè, òkè. Bàrígà: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Onílù gángan tí ó bá fẹ́ pe Ṣómólú yóò fún ọṣán mọ́ra, yóò sì lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan Bàrígà, kò ní lu ohùn mẹ́ta tí ó dúró gbagidi. Sílébù kejì, nítorí pé ó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, yóò máa gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, nítorí pé ó tẹ̀ lé ohùn òkè, yóò já wálẹ̀ láti òkè. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣàlàyé èyí fún wa tipẹ́. Wọ́n sì ti fi hàn wá pé nínú gbólóhùn gígùn, ohùn òkè tí ó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í ga tó èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ètò tí ó bá so ohùn òkè mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò máa sọ Yorùbá bí ẹni tí ó kọ́ ọ nínú ìwé láìgbọ́ ọ rí.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá pé kí olórin má kọ nọ́ńbà kankan. Gbogbo ẹ̀rọ géèmù báyìí ni ó ní bọ́tìnnì alágbèélébùú lábẹ́ àtàǹpàkò òsì. Kí òkè rẹ̀ jẹ́ ohùn òkè, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, kí bọ́tìnnì A tí ó wà lábẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún jẹ́ ohùn àárín. Ẹni tí ó bá lè sọ Yorùbá lè kọ Bàrígà pẹ̀lú títẹ̀ mẹ́ta, láìmọ̀ dò tàbí rè. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò wo ohun tí ó ṣáájú sílébù kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì pinnu bóyá kí ohùn dúró, kí ó gòkè bọ̀, tàbí kí ó já. Ó lè ṣe é: bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹ̀rọ yìí ń tún ojú rẹ̀ yà, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ètò sì lè yí nọ́ńbà ohùn padà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan yìí ni n ó máa pè ní ìmí. Nínú ìmí 5 tàbí 6, ohùn lè gun òkè láìfò. Ohun kan ṣoṣo tí a ó bi olórin léèrè ni bí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe jìnnà sí ara wọn tó, nítorí pé ìlù kan kò fẹ̀ lóhùn bí èkejì.

Mo fẹ́ kí ìyáàlù wà ní ọ̀nà kẹta. Ọ̀nà yẹn lè sọ̀kalẹ̀ ju àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ, a sì lè ya ìgbì rẹ̀ títí tí yóò fi fara jọ awọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwọ̀n ariwo mẹ́ta péré ni ó ní: kíkún, ìdajì àti ìdámẹ́rin, lẹ́yìn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ìlù kì í sì í dákẹ́ báyẹn. Ó máa ń rọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ọgbọ́n tí a ó dá ni pé kí ètò máa tún àwòrán ìgbì náà yà ní kékeré sí i bí ìmí ti ń lọ, kí ìgbì lè rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ LSDJ dunjú ti ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Gúdúgúdú yóò gba ọ̀nà àkọ́kọ́, agogo yóò gba èkejì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò sì gba ariwo òjò orí páànù. Kò sí àyè fún kẹríkẹrì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀nà 4 ni wọ́n fún wa.

Ní ti kíkà, ìlà 12 ni kí ojú ètò wa ní. Ìlànà agogo tí àwọn onílù ń pè ní kónkóló, tí Anthony King kọ̀wé lé lórí ní 1960, jẹ́ lílù 7 nínú àyè 12. Bí a bá kọ ọ́ sórí ìlà, yóò bọ́ sí ìlà 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ nínú LSDJ gbọ́dọ̀ fi àṣẹ kan fo ìlà 4 tí ó kẹ́yìn nínú ìlà 16 rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ní láti fi ọgbọ́n gbà, àwọn tí kò mọ ọgbọ́n náà kò ní ṣe é. Tiwa yóò bẹ̀rẹ̀ láti 12, ẹni tí ó bá fẹ́ 16 ni kí ó wá ọgbọ́n dá. Bí a bá fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìmí 6, yíyípo kan yóò gba ìmí 72, èyí tí ó lé díẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n tí ó yẹ fún ijó.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà, àmọ́ n kò lè fò ó. Ojú Game Boy pín sí òpó 20 àti ìlà 18, àyè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmì 8 sí 8. Nínú àmì 8 yìí ni ọ̀ ti gbọ́dọ̀ rí àyè fún orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀: 2 fún àmì ohùn, 4 fún lẹ́tà, òfìfo kan, kí ìyókù jẹ́ ti ẹsẹ̀. Ó gbà á gẹ́lẹ́, bí a kò bá kọ lẹ́tà ńlá. A ti rí ìwé pélébé àti káàdì ìpè tí wọ́n fi ẹ̀rọ gọbọi tẹ̀ láìsí àmì ohùn kankan lórí wọn. Kò yẹ kí a gbọ́ àwáwí kankan mọ́ bí ojú ẹ̀rọ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ bá lè ru àmì náà.

Ẹnì kan yóò sọ pé, ṣé kò sí fóònù ni? Fóònù wà. Àmọ́ ẹni tí ó kọ ètò fún fóònù lónìí gbọ́dọ̀ máa tún un kọ bí àwọn tí ó ni fóònù ti ń yí ìlànà wọn padà, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí ó mọ gbogbo inú rẹ̀. Game Boy kò yí padà láti 1989. Ìrántí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 8. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lè mọ̀ ọ́n tinú tòde láàárín ọdún kan. Ohun tí ó tún wá dùn mọ́ mi ni pé ètò tí a bá kọ fún un yóò ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ètò tí ń sín ẹ̀rọ náà jẹ wà káàkiri. Ọmọ tí kò ní Game Boy yóò lò ó. Ọmọ tí ó bá rí Game Boy tòkunbọ̀ rà yóò fi bátìrì 4 lò ó nígbà tí iná bá lọ, kò sì ní wá epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ìbéèrè tí ó wúwo jù lọ kò kan ẹ̀rọ. Ó kan àwọn ọmọ Àyàn. Ìlù jẹ́ iṣẹ́ ìdílé wọn. Ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá oúnjẹ. Ṣé kì í ṣe pé a fẹ́ fi ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Onílù tí ó wà ní ìta òde àríyá mọ ẹni tí ń wọlé bọ̀, ó mọ oríkì baba rẹ̀, ó mọ̀ bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí ó ní ọ̀nà ohùn 4 kò lè mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ onílù jẹ́ ni ohùn ìlù tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí a gé wẹ́wẹ́, tí a ń tà káàkiri ayé láìsan kọ́bọ̀ fún un. Ètò wa kò ní fi àyè gba irú olè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohùn inú rẹ̀, a ó yà á fúnra wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a nílò lọ́wọ́ onílù ni ìmọ̀ rẹ̀, ìmọ̀ sì ní owó tirẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ san.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè kọ ètò kò mọ ìdí tí ìyáàlù fi ń dúró de gúdúgúdú. Onílù tí ó mọ̀ ọ́n kò mọ ohun tí nọ́ńbà 2048 ń ṣe. Ìwé ńlá tí Akin Euba kọ lórí dùndún ní 1990 yóò ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwé kì í lùlù. Mo fẹ́ kí a so ẹ̀rọ méjì pọ̀ pẹ̀lú wáyà tí àwọn ọmọdé fi ń bá ara wọn díje, kí ọ̀kan jẹ́ ìyáàlù tí ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí èkejì jẹ́ omele tí ń gbè é. Kí ti omele má lè dá yí ìyára padà, kí ó jẹ́ ti ìyáàlù nìkan ni yóò ní agbára náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí nínú agbo ìlù, ìbáwí tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ọ̀dọ́ kan tí ń dá ṣiṣẹ́ nínú iyàrá rẹ̀ kì í rí kọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kéré. Kí a bẹ onílù mẹ́ta, kí a sì sanwó fún wọn. Kí olúkúlùkù fi gángan tirẹ̀ pe Bàrígà ní ìgbà 10, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní 5, kíákíá ní 5, kí a gbà á sílẹ̀, kí a sì ka ìmí tí ó wà láàárín ìgbà tí ọ̀pá bá kan awọ àti ìgbà tí ohùn sílébù kejì bá dé òkè. Kí a ṣe bákan náà fún jíjá ẹ̀kẹta. Nọ́ńbà méjì tí a bá rí ni a ó kọ́kọ́ kọ sínú ètò náà, kí a tó ya àwòrán ìgbì kankan.